Ìlànà Ẹ̀kọ́ Àwọn Akọ̀ròyìn àti Èdè Etí Òkun Ìlàjẹ

Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, èdè Yorùbá ni a fi tẹ̀ ẹ́. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859; ó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e kí Gẹ̀ẹ́sì tó bá a wọlé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí iṣẹ́ yìí tó di ohun tí à ń kọ́ ní yunifásítì Nàìjíríà, ní Nsukka ní 1961 àti ní Èkó ní 1966. Ìgbà tí yóò fi débẹ̀, èdè tí ó bí i ti di àlejò nílé ara rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wù lè kí i, ẹni tí kò bá wù lè kọjá lọ.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí Àjọ tí ń ṣàkóso àwọn Yunifásítì, NUC, fi lọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, èyí tí à ń pè ní CCMAS, kò yí ipò yìí padà. Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní ìwúlò. Ó bá ọgbọ́n mu pé wọ́n tú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Mass Communication ká, tí iṣẹ́ akọ̀ròyìn, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà àti fíìmù fi di ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tí yóò máa ya àwòrán àti ẹni tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ olóòtú kò ru ẹrù kan náà. Ó tún bá ọgbọ́n mu pé ìdá 70 nínú 100 ni Àjọ náà là sílẹ̀, tí ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, èdè tí a dárúkọ ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì náà ni a sì fi ń kọ́ ọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí àyè wọlé. Yorùbá kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó lè fi pé iye ni.

Ẹnìkan lè tọ́ka sí ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ Áfíríkà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń kọ́ni. Frank Ugboajah, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tí ó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ohun iyì. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, bí a ti ń ṣe é báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìtàn agogo akéde àti àrokò, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè. Ó lè gba máàkì tí ó ga jù lọ nípa akéde, kí ó má lè fi Yorùbá kéde pé ilé ń jó.

Ibi tí àléébù yìí ti ń dun ènìyàn jù ni etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpẹ̀kun gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí ó ti ní iná mànàmáná tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òkè ṣì ń tan àtùpà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí òkun ti ń gba ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibojì lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ìdènà omi tí àjọ NDDC gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004 kò dáàbò bò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń yá akọ̀ròyìn lẹ́nu fún èyí ni omíyalé. Omíyalé ni ti Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980: omi dé, ó pa ènìyàn, ó ba dúkìá jẹ́, ó sì fà, onílé lè padà kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ti Ayétòrò kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ wó lónìí kò ní ibi tí yóò fi ìpìlẹ̀ lé lọ́la. Ìrẹsì àti aṣọ ìbora ni à ń fún ẹni tí omi ya ilé rẹ̀. Ògiri ìdènà tàbí ilẹ̀ tuntun ni ẹni tí òkun ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ nílò. Akọ̀ròyìn tí ó bá pè é ní omíyalé ti gé ìrànlọ́wọ́ náà kúrú kí ó tó kúrò ní Àbújá.

Ọ̀rọ̀ Parabe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ará Ìlàjẹ tí iye wọn lé ní ọgọ́rùn-ún wọ orí ibùdó epo Chevron lójú òkun, wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí omi tí ó bàjẹ́ àti iṣẹ́ tí kò sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà ń lò gbé àwọn ọmọ ológun débẹ̀, ènìyàn méjì sì kú. Àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà méjì, Amy Goodman àti Jeremy Scahill, ni ó ṣe ètò rédíò tí ó mú un di mímọ̀ ní òkè òkun nínú ọdún náà. Ẹjọ́ dé San Francisco, àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ọ sì dá Chevron láre ní 2008. Pàtàkì nínú àríyànjiyàn náà ni orúkọ: ṣé afẹ̀hónúhàn ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, tàbí ajínigbé? Ní àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Yorùbá, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni a ti sábà máa ń túmọ̀ ìròyìn. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ ènìyàn ni yóò bá a dé inú Yorùbá, àfi bí olùtúmọ̀ bá ní ìmọ̀ tí ó tó láti kọ̀ ọ́. Kíkọ́ ni à ń kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kò sì tó. Abíọ́dún Adétúgbọ̀ ti fi hàn ní 1967 pé Ìlàjẹ wà nínú ọ̀wọ́ ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ìró gh tí àjùmọ̀lò ti sọ nù ṣì wà ní ọ̀wọ́ yìí. U lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ níbẹ̀, bí Ugbò. Ọma sì ni Ìlàjẹ ń pe ọmọ. Ìyá àgbà tí ń ròyìn bí òkun ṣe wọlé lóru kò ní dúró máa túmọ̀ ara rẹ̀ fún àlejò. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀ròyìn ń bá sọ̀rọ̀: aṣojú ẹgbẹ́, olùkọ́, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́. Ohùn apẹja àti ti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja kò ní dé inú ìwé.

Àwọn kan yóò wí pé ibi gbogbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti wá, pé kò tọ́ láti fi Yorùbá ni ọmọ Tiv lára ní Èkó. Èdè abínibí kan ni à ń bèèrè, kò sí ẹni tí ó ní Yorùbá ni dandan. Níbi tí kò bá sì sí olùkọ́ Tiv, kí ọmọ náà kọ́ èdè ibi tí ó wà débi tí yóò fi lè bi aláta ní ìbéèrè. Àwọn mìíràn ní kò sí iṣẹ́ ní èdè Yorùbá: Aláròyé, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1996, àti BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ti dá wọn lóhùn. Èyí tí ó le ni ti olùkọ́. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìròyìn kì í sábà mọ iṣẹ́ ara wọn, wọn ìbáà tilẹ̀ jọ wà nínú ọgbà kan.

Inú ìdá 30 yẹn ni àyè wà. Ó gba ọdún kan fún títúmọ̀ ìròyìn láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má jẹ́ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá nìkan. Ó gba sáà kan fún gbígbọ́ ẹ̀ka-èdè tí kì í ṣe ti ìlú akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ń sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Àwọn oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lóde kò sì gbọdọ̀ parí sí Èkó àti Àkúrẹ́; ó yẹ kí díẹ̀ nínú wọn dé Ìgbòkòdá, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Yunifásítì tí ó wà ní Òkìtìpupa, nítòsí Ìlàjẹ, ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Nítorí náà àwọn yunifásítì òkè, Èkó àti Ìbàdàn àti irú wọn, ni ọmọ Ayétòrò tí ó bá fẹ́ di akọ̀ròyìn yóò lọ. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ àgbà ibẹ̀ ni ìdá 30 náà wà.