Aṣọ Tó Sán, Ẹní Tí Kò Gbọ́dọ̀ Sán

Bí ìyá aláṣọ ará Èjìgbò bá fẹ́ yẹ àǹkárá wò lọ́jà Treichville ní Abidjan, kì í kọ́kọ́ wo òdòdó ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa yí sókè. Bí ẹ̀yìn bá mú àwọ̀ bí ojú, ojúlówó ni. Lẹ́yìn náà ló máa wá àwọn ìlà tín-ín-rín tó tàn kálẹ̀ bí iṣan ewé. Bó bá rí wọn, ó di kó máa ná an.

Ní Yopougon, nínú Abidjan kan náà, ni iléeṣẹ́ Uniwax ti ń tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Oje igi tó ti yọ́ ni rólà fi ń ya bátànì sí tojú tẹ̀yìn. Bí oje bá gbẹ, tí wọ́n rún aṣọ náà, á sán. Aró á gba ibi tó sán wọlé. Àléébù di ẹwà. Àwọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń fi ọwọ́ oníṣẹ́ hàn: àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ dè é gan-an ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Ọgbọ́n títẹ̀ yìí náà ni àwọn kan ń fi ṣe sólà. Ní Yunifásítì Newcastle, ní Ọsirélíà, ẹ̀rọ tó ti ń tẹ bébà ara ìgò wáìnì rí ni Paul Dastoor àtàwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ sára ike. Sílíkọ̀n inú sólà olójú dígí kì í yọ́ àfi nínú iná tó ju 1,400 ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Yíǹkì tiwọn ń gbẹ nínú ooru tí ike lè fara dà. Wọ́n ní mítà kan níbùú lóròó kò ní ná wọn tó dọ́là 10. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣètò láti fi 18 irú rẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 18, gba iná fún ọkọ̀ Tesla yípo Ọsirélíà: wọ́n á tẹ́ ẹ bí ẹní, wọ́n á tún ká a.

Ẹ sún mọ́ ẹní náà. Ìlà ìlà ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sún ìpele yíǹkì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí òkè ìlà yìí lè kan ìsàlẹ̀ ìkejì, bí páànù ṣe ń gorí ara wọn. Bí ìtẹ̀ kan bá yà, ìlà méjì ò ní pàdé, iná á já.

Ibí ni ọ̀nà òun àti àǹkárá ti pín. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ péré, òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà kan náà á fara kanra, iná á jò dànù. Ọ̀rinrin náà ọ̀tá ni, irú èyí tó ń ti ọ̀sà Abidjan fẹ́ wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ike dì í tojú tẹ̀yìn. Síbẹ̀, iná rẹ̀ kò tó ti sílíkọ̀n, kì í sì í pẹ́ tó o.

Bí ẹní yìí bá dé Treichville, ìyá aláṣọ á yí i, á wá ibi tó sán. Bó bá rí i, á ká a, á dá a padà.