Ìjà àti Ẹ̀san Nínú Sinimá Fist of Fury

Ẹni tí ó bá ka ìjà inú sinimá kọ́ńfú sí ariwo lásán, tí a fi ń dá àwọn ọ̀dọ́ lára yá, kò tíì wo Fist of Fury ní àwòfín. Ní Hong Kong ni a ti ṣe é ní ọdún 1972. Lo Wei ni olùdarí rẹ̀. Bruce Lee ni ó ṣe Chen Zhen, olú ẹ̀dá-ìtàn. Àhunpọ̀ ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Chen Zhen dé sí Shanghai, ó bá òkú ọ̀gá rẹ̀, Huo Yuanjia. Kò pẹ́, àṣírí tú pé májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Láti ìgbà náà, ẹ̀san ni ó kù. (Huo Yuanjia gbé ayé ní tòótọ́, ó sì kú ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn òpìtàn kò kò lórí ohun tí ó pa á.)

Kò tó kí olùdánwò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjà pọ̀ nínú eré náà. Ohun tí ó yẹ kí ó tọ́ka sí ni pé ìjà kan kò jọ èkejì. Nígbà tí àwọn ará Jàpáàn gbé àkọlé èébú wá sí ilé ọ̀fọ̀, pé aláìsàn Éṣíà ni àwọn ará Ṣáínà, Chen Zhen gbé e padà lọ bá wọn nínú ilé ẹ̀kọ́ ìjà wọn. Òun nìkan ni ó wọlé. Wọ́n yí i ká bí agbo ijó. Ẹni tí ó bá ti mira, ilẹ̀ ni ó ń bá ara rẹ̀. Kí ó tó jáde, ó mú kí wọ́n jẹ ìwé tí wọ́n kọ èébú náà sí. Ìtìjú ni ó fi san ìtìjú: ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni wọ́n gbé mì. Ìjà yìí dùn ún wò, òǹwòran a sì máa pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá wo ti alásè tí ó fi májèlé sí oúnjẹ ọ̀gá. Òru ni, kò sí agbo, kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́. Chen Zhen ń lù ú, ó ń bi í léèrè ìdí tí ó fi pa ọ̀gá òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni a rí tí wọ́n so kọ́ ara òpó iná. Ẹwà kankan kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbínú ti gba ìjánu lọ́wọ́ ọgbọ́n.

Àwọn ẹlòmíràn ni ó wá san gbèsè náà. Bí Chen Zhen ti ń pa Suzuki, olórí àwọn ọ̀tá, ni àwọn èrò Suzuki ń pa àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ nílé. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ má baà parun. Ó bọ́ síta, ó rí ìbọn, ó fò sókè sí wọn. Àwòrán dúró gbọn-in. Ìró ìbọn nìkan ni a gbọ́. A kò rí i kí ó ṣubú. Àwọn kan rí ìṣẹ́gun nínú èyí. Àmọ́ ẹni tí ó bá rántí àwọn òkú tí ó wà nínú ilé kò ní tètè gbà bẹ́ẹ̀.

Àbùkù eré náà kò farasin: ìfìwàwẹ̀dá àwọn ará Jàpáàn gbẹ bí èèpo igi, kò sí ẹni rere kan nínú wọn. Lau Kar-leung kò bọ́ nínú àbùkù yìí tán nínú The 36th Chamber of Shaolin (1978), ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí Lo Wei kò mọ̀. Ẹ̀san ni ó gbé San Te lọ sí Shaolin, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ni ó gba apá tí ó pọ̀ jù nínú eré: omi pípọn pẹ̀lú ọ̀bẹ lábẹ́ apá, orí tí ń gbá àpò iyanrìn. Ìgbẹ̀san fúnra rẹ̀ kò pẹ́ rárá. Nígbà tí ó parí, San Te kò kú, kò sì yangàn. Àwọn mẹ̀kúnnù ni ó kó jọ, tí ó ń kọ́ ní ìjà.