Ọwọ́ Aránṣọ Aṣọ Ẹbí ní Lake Arbor

Bí ìgbéyàwó Yorùbá bá ń bọ̀ ní Lake Arbor, ní agbègbè Prince George's, ìpínlẹ̀ Maryland, aránṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ kan sáárá sí.

Ẹ wo léèsì onílẹ̀kẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á wá òdòdó tó máa bọ́ sí àyà àti èyí tó máa bọ́ sí apá, kí ọ̀tún àti òsì lè bára mu. Á wá tú ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lójú ibi tí máṣíìnì máa gbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ìlẹ̀kẹ̀ a máa ṣẹ́ abẹ́rẹ́. Tó bá rán an tán, á fọwọ́ rán wọn padà. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni!

Aṣọ òkè náà kò rọrùn. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún n'Ísẹ́yìn kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Bí ilà kan bá yẹ̀, ojú á rí i.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ló wú mi lórí jù. Ọ̀kan lè wà ní Houston, òmíràn ní London, kí wọ́n fi ìwọ̀n ara ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Aránṣọ ọlọ́gbọ́n á fi àlékún aṣọ sílẹ̀ nínú, kó lè tú u bí ara bá ti sanra sí i. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn á wọ̀, síbẹ̀ á yan ọrùn àti apá tó yẹ kálukú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèyàwó, ẹ tètè gbé aṣọ fún àwọn aránṣọ, kẹ́ ẹ sì sanwó iṣẹ́ wọn pé.