Ṣóbọ̀ Aróbíodu, Akéwì Ẹ̀gbá

Bí olùkọ́ kan bá mú àròfọ̀ Ṣóbọ̀ Aróbíodu wá síwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Kétu tàbí ní Ìkòsí níhìn-ín, ohun èkíní tí wọn ó béèrè ni pé, "Yorùbá wo nìyí?" Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ a máa dá a lóhùn nípa pípa èdè Ẹ̀gbá inú rẹ̀ rẹ́, tí wọn a sì fi Yorùbá inú ìwé rọ́pò rẹ̀. Lórí iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ bá yín jà, pẹ̀lú ìfẹ́.

Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. A bí i ní ọdún 1858, ó sì kú ní ọdún 1936. E. M. Lijadu, ẹni tí ó ti tẹ orin Aríbilóṣòó ará Ẹ̀gbá jáde ní ọdún 1886, wà lára àwọn tí ó gbé àròfọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ohùn tí ó yàn. Àrùngbè, orin Orò, ni ó mú. Ẹ̀yin mọ Orò: bí ó bá jáde, obìnrin a wọlé, a ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni àwọn ọkùnrin a máa fi orin bá oníwà búburú wí láìbẹ̀rù, ìbáà ṣe ọlọ́lá. Ṣóbọ̀, tí í ṣe Kristẹni, gba ohùn ìbáwí yìí, ó ń fi kọ́ni ní ìwà rere. Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìdàpọ̀ òkùnkùn mọ́ ìmọ́lẹ̀ kò kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: láti ọjọ́ tí àrùngbè ti wọ inú ìwé, ọmọbìnrin lè jókòó ní ọ̀sán gangan kí ó máa ka irú orin tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí ó ti jẹ́ pé ohùn ni iṣẹ́ náà, kò gba àtúnṣe yín. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan péré yẹ̀ wò. Ẹ̀gbá a máa wí pé "yèsí" níbi tí ìwé wa ń wí pé "ta ni." Ìró méjì-méjì ni, ẹ̀yin ó rò pé ọ̀kan lè jókòó sí àyè èkejì. Ṣùgbọ́n "yèsí" bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gòkè. "Ta ni" dúró ní àárín. Orin tí ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ yóò ṣubú níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe wí pé èdè náà le jù fún ọmọdé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ ra tòmátì ní ọjà Mile 12 ń gbọ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì kí ó tó padà délé, kò sì sọnù.

Ní Amẹ́ríkà, Paul Laurence Dunbar (1872–1906), ará Ohio, kọ ewì ní èdè àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti inú ìwé. Ti àdúgbò ni àwọn tí ń ra ìwé rẹ̀ ń béèrè, ó sì dùn ún pé wọn kò ka èkejì sí tó bẹ́ẹ̀. Ti Ṣóbọ̀ yàtọ̀: àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò fi èdè náà pa àlejò lẹ́rìn-ín.

Àbùkù rẹ̀ wà, a kò ní í bò ó. Ìyìn rẹ̀ fún ìjọba Òyìnbó pọ̀ ju bí àrùngbè ti í yin ènìyàn lọ. Ní ọdún 1914 ni òmìnira Ẹ̀gbá parí. Ní 1918 ni ogun Àdúbí jà. Ẹni tí ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, a ń fẹ́ kí ó fi bi alágbára léèrè gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bi aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè tó láti gbọ́ èyí, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó túmọ̀ ohunkóhun. Bí ọmọ kan bá wà nínú kíláàsì tí àwọn òbí rẹ̀ ti Abẹ́òkúta wá, kí ó pè é síwájú, kí ó kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta.