Ọ̀gá Amúlétutù Létí Òkun

Ní etí òkun Ìlàjẹ, iyọ̀ ni ọ̀tá ẹ̀rọ amúlétutù. Láti Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, títí lọ dé Ugbónlà, atẹ́gùn òkun ń gbé e wá tọ̀sán-tòru. Ibi tí páìpù bàbà ti kan alumíníọ́mù pẹlẹbẹ ni iyọ̀ náà ti máa ń jẹ ẹ̀rọ, títí yóò fi máa rún lọ́wọ́ ẹni bí ẹ̀kúrú.

Iṣẹ́ ẹni tó ń pààrọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí òrùlé ilé oúnjẹ kékeré wú mi lórí púpọ̀. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í tú gáàsì àtijọ́ dà sáfẹ́fẹ́. Inú sílíńdà ló ń fà á sí. Bó bá ń pa gáàsì R22 tì fún R410A, ó ń yẹ páìpù wò fínnífínní, torí ìfúnpá R410A fi ohun tó lé ní ìdajì ju ti R22 lọ. Lẹ́yìn náà ló máa fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde. Ibí gan-an ni oníkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: omi tó bá ṣẹ́ kù yóò bá òróró inú ẹ̀rọ di ásíìdì. Ẹ wo ẹni tó jókòó nínú oòrùn, tó tẹjú mọ́ géèjì títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi dúró! Kó tó sọ̀ kalẹ̀, á ní kí ìyá olóúnjẹ máa fi omi òjò ṣan ẹ̀rọ náà déédéé.