Orin Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lọ́wọ́ I.K. Dáíró

Bí wọ́n bá ní kí n yan olórin kan ṣoṣo tí ẹni tó fẹ́ máa kọ orin jùjú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí, Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró ni mo máa yàn. Orin Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni mo fi kọ́ gìtá, mi ò sì ní gbàgbé oore wọn láé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to orin, tí ọ̀rọ̀ kò fi ní tàsé ohùn, tí ìlù kò sì ní bo ẹnu akọrin mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ Dáíró ni mo ti rí i kọ́.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1930. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣí wá. Bàbá rẹ̀ ló ṣe ìlù fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Owó kò tó, ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó gẹrun ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó kiri aṣọ ní Ẹdẹ, ó ṣe iṣẹ́ lébìrà, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin lọ sóde nígbàkígbà tí àyè bá yọ. Ní Ìbàdàn, ó bá olórin jùjú kan, Daniel Ojoge, ṣeré, kó tó padà sílé lọ dá Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957. Ẹgbẹ́ yìí ló wá di Blue Spots. Lójú tèmi, gbogbo kíkiri yẹn wà nínú orin rẹ̀. Ẹni tó bá ti gẹrun, tó sì ti kiri ọjà, á ti gbọ́ bí ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò ṣọ́ ẹnu. Dáíró kò fi èdè Ìjẹ̀ṣà pamọ́ nítorí pé ó dé ìlú ńlá, ó sì tún ń kọrin ní èdè Ẹ̀dó, Ùróbò, Ìtsẹkírì àti Háúsá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí àkọ́díọ̀nù, nítorí Dáíró ló sọ ọ́ di ohun èlò jùjú. Oníbọ́tìnnì mẹ́wàá ni irú tó ń lò. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì kan tí o sì tì í, ohùn kan ni yóò jáde. Bí o bá fà á láì gbé ìka kúrò, òmíràn ni. Ohùn tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà nìyẹn. Kò ṣeé fún bí a ti ń fún ọṣán gángan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ sókè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, olùgbọ́ á gbọ́ nǹkan mìíràn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, ọ̀rọ̀ tó bá ohùn mu ni Dáíró máa ń wá, kì í fipá mú èyí tí kò bá a mu. Ibi tí àkọ́díọ̀nù kò bá lè dé, ó ń fi í sílẹ̀ fún ẹnu àti fún ìlù.

Ẹ gbọ́ Salome, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré ayé ìgbà yẹn kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n orin yìí kò kánjú. Àkọ́díọ̀nù á ṣílẹ̀kùn, Dáíró àti ẹlẹ́gbè á kọ orin ìfẹ́ náà, lẹ́yìn náà ni wọn á yẹ̀ fún ìlù. Ìlù á sọ gbólóhùn kan, ẹlẹ́gbè á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ìlù á tún sọ òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni orin á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé lóde òní a ti fi kíbọ́ọ̀dù àti ariwo ẹ̀rọ bo gángan mọ́lẹ̀, débi pé onígángan ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ olórin fi gba òde, ṣùgbọ́n Dáíró sìn nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington ní Seattle láàárín 1994 sí 1995. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1996.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Paul Play, ọmọ rẹ̀, tún Mo Ṣoríire, orin bàbá rẹ̀, kọ. Ìlù ti yí padà pátápátá, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Blue Spots rí ń kọ ọ́ láìkùnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti ohùn nìkan tó láti gbé orin náà ró. Ohun tí mo fi ń dán orin tèmi wò nìyẹn. Kí n tó gbé e lọ sí sítúdíò, mo máa ń fi ẹnu lásán kọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́gbè mi, láìsí gìtá, láìsí ìlù. Bí wọn kò bá lè gbè é padà fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, a ó tú u palẹ̀, a ó sì tún un tò.