Ìbọn Kírìjì Kọ́ Nìyẹn!

Ẹni tó bá fẹ́ fi ogun àtijọ́ ṣeré níwájú èrò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn jagunjagun gbé lọ́wọ́. Mo ti wo eré ogun Kírìjì bíi mélòó kan, lórí ìtàgé àti nínú fíìmù. Aṣọ wọn dára, ìlù wọn dùn, àwọn òṣèré mọ ẹnu sọ. Ṣùgbọ́n ìbọn wọn ń bà mí nínú jẹ́. Ìbàdàn gbé ṣakabùlà, Èkìtì Parapọ̀ náà gbé ṣakabùlà. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìbọn sójà òde òní ni wọ́n kó jáde.

Ṣé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn? Rárá o! Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn ò tú ibùdó ká títí di 1893, ìró ìbọn gan-an ló fún un lórúkọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, Snider sì wà lára wọn. Ìbàdàn náà wá irú rẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ ojú ti rí màbo. Bí ìbọn ìhà méjèèjì bá rí bákan náà látìbẹ̀rẹ̀, báwo lọmọ ilé ìwé ṣe máa mọ̀ pé ìbọn wà lára ohun tó dá Ìbàdàn dúró?

Ìyàtọ̀ wọn ò ṣòro. Ẹnu àgbá ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú ṣakabùlà, wọ́n á fi ọ̀pá tì í wọlé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: irin kan tó tẹ̀ bí ọrùn àkùkọ di òkúta iná mú, irin pẹlẹbẹ tí òkúta náà ń ṣá dúró níwájú rẹ̀, àwo ẹ̀tù kékeré sì wà nísàlẹ̀. Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866, kò ní òkúta rárá. Ìdérí kan wà nídìí àgbá rẹ̀ tó ń ṣí sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ọta tòun tẹ̀tù ti ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oníṣakabùlà tó ki ẹyọ kan tán, onísnider ti yìn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí, ẹ má sáré wá ìbọn gidi. Òfin ń béèrè ìwé àṣẹ, àgbá tó ti dípẹtà sì lè fọ́ mọ́ni lójú. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ gbé e fún káfíńtà, kẹ́ ẹ fi ìlù ṣe ìró rẹ̀. Igi tó jọ Snider sàn ju ìbọn gidi tí kì í ṣe ti ìgbà náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí ará Ìbàdàn kan ṣì máa ki ẹ̀tù lọ́wọ́ lórí ìtàgé, kí ìbọn òdìkejì ti dún lẹ́ẹ̀mejì. Èrò ìwòran á dákẹ́ lọ, ìtàn á sì yé wọn.